Ṣẹ́ẹ̀tì ní ọjà tirẹ̀, bàtà ní tirẹ̀: ìfiwéra fún ọkùnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í múra dáadáa

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi gba lẹ́tà iṣẹ́, inú gbogbo wa dùn títí ó fi ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Tíṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá, tí àwòrán olóṣèlú wà ní àyà mẹ́rin nínú wọn. Jíǹsì mẹ́ta tí orúnkún wọn ti ya. Àǹkárá ẹgbẹ́jọdá méjì tí kò gba apá rẹ̀ mọ́. Bàtà kan ṣoṣo, kánfáàsì ni, funfun ló sì jẹ́ nígbà kan rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú wọn ni ẹ rò pé mo lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé?”

Mo wò ó sókè sódò. Mo ní, “Èyí tí o wọ̀ sọ́rùn yẹn nìkan. Èmi ni mo sì ni ín.”

Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò pọ̀. Ohun tó wù ú ni kó wọ ilé ìtajà kan ní Ikeja, kó ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì tètè padà sílé. Mo ní kó má dán an wò. Láti ọdún tí mo ti ń rìn nínú ọjà Èkó, ohun tójú mi ti rí ni pé ẹni tó bá ra gbogbo aṣọ rẹ̀ lójú kan náà, dandan ni kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ níbì kan. Ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì ti dáa, ṣòkòtò ibẹ̀ lè má dáa. Ọwọ́ tó mọ kaftan rán, ó lè má mọ kọ́là rán. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń gbà ra aṣọ (tuntun, òkìrìkà tí í ṣe àlòkù, rírán) síra wọn, lóríṣiríṣi aṣọ, kí ẹ lè rí ibi tí ó yẹ kí ẹ náwó yín sí.

Mi ò ní kọ iye owó. Iye tí mo bá kọ lónìí, bí ẹ bá gbé e dé ọjà Balógun lọ́la, wọn á fi yín rẹ́rìn-ín.

Ṣẹ́ẹ̀tì: òkìrìkà ló gbégbá orókè

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á yímú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tuntun ná. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun dáa ní ti pé ẹ lè wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ẹ lè rí irú kan náà mẹ́ta, bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá sì bá yín mu, ẹ lè padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí owó òṣìṣẹ́ tuntun ká, pọ́líẹ́sítà ló sábà máa ń jẹ́. Ó ń dán, kì í rún, ó rẹwà lórí ìkọ́. Ẹ wá wọ̀ ọ́ nínú dáńfó tó há gádígádí ní oṣù Kẹta, kí ẹ tó dé Ọ̀ṣòdì, ẹ̀yin fúnra yín á ti máa gbọ́ òórùn ara yín.

Òkìrìkà ńkọ́? Ìlú Okrika ní ìpínlẹ̀ Rivers ni orúkọ yẹn ti wá. Àwa náà la tún ń pè é ní bọ́síkọ́nà, torí pé ẹni tó fẹ́ rà á nígbà náà a máa bọ́ sí kọ́nà kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Ìtìjú yẹn ti kúrò nílẹ̀. Ní Yábàá, ẹ ó rí òṣìṣẹ́ báńkì tó so táì mọ́rùn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣa ṣẹ́ẹ̀tì. (Òfin kò fàyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọ Nàìjíríà o, ó wà lára àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ní àṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń já bélì, ìdì ńlá tí wọ́n ń kó o sí.)

Ohun tó jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà fi borí ni aṣọ tí wọ́n fi rán an. Iye tí ẹ ó fi ra pọ́líẹ́sítà tuntun kan, ẹ lè fi ra ojúlówó aṣọ òwú méjì lórí àtẹ bọ́síkọ́nà. Nǹkan kejì tí àwọn ènìyàn kì í rò ni pé aṣọ òwú a máa sún kì bí a bá fọ̀ ọ́. Tuntun tó bá yín mu lónìí lè fún yín lọ́rùn lóṣù tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà níbi tó ti wá ti sún kì tó fẹ́ sún kì. Bó ṣe rí lára yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rí.

Ojú ni wọ́n fi ń ra òkìrìkà, wọn kì í fi ẹnu rà á. Ẹ yí abíyá rẹ̀ síta. Bó bá ti pọ́n bí omi tíì, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́. Ẹ fi èékánná ha etí kọ́là, ibẹ̀ ni aṣọ ti kọ́kọ́ máa ń gbó. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè síbi tí oòrùn wà: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé níbi èjìká ju ibi yòókù lọ, ó ti yòrò. Ẹ ka bọ́tìnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó wo ìdúró èjìká, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ojú ìrán tó so apá mọ́ ara ẹ̀wù gbọ́dọ̀ dúró sórí egungun èjìká yín gan-an. Bó bá fi íǹṣì kan jábọ́ sí apá, ẹ ó dà bí ọmọ tó wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó bá gbòòrò, obíọmà, télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ kiri àdúgbò, á gbà á wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Apá tó bá gùn, á gé e. Èjìká ni kò sí àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́ obíọmà, bí ẹnì kan bá ní òun lè tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ dánra wò.

Bí ẹ bá délé, omi gbígbóná, ọṣẹ, Dettol díẹ̀, oòrùn, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná lọ̀ ọ́ tinú tòde. Ẹ má wọ̀ ọ́ láti ọjà lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́.

Ti rírán ńkọ́? Télọ̀ tó mọ kaftan rán pọ̀ ní gbogbo àdúgbò. Èyí tó mọ kọ́là rán kò pọ̀. Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan rí, aṣọ rẹ̀ dáa, ìwọ̀n rẹ̀ bá mi mu wẹ́kú, ṣùgbọ́n kọ́là rẹ̀ dúró gangan bí etí ehoro. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ nípọn tàbí tí apá rẹ̀ gùn ju ti gbogbo ayé lọ nìkan ni mo lè gbà nímọ̀ràn pé kó lọ rán ṣẹ́ẹ̀tì, kó sì ní kí télọ̀ fi ọ̀kan tó ti rán tẹ́lẹ̀ han òun. Kọ́là ni kó wò. Bí ìka méjì bá wọ àárín ọrùn àti kọ́là lẹ́yìn tí ẹ bá ti de bọ́tìnì òkè, ó dára.

Mẹ́rin tó láti bẹ̀rẹ̀: funfun méjì, búlúù tó mọ́lẹ̀ bí ojú sánmà kan, aláwọ̀ ìlà tínínrín kan. Ẹ fi pupa àti elésè àlùkò sílẹ̀ dìgbà mìíràn. Ẹni tó ní ṣẹ́ẹ̀tì pupa kan, ìgbà méjì péré tó bá wọ̀ ọ́ láàárín oṣù, wọ́n ti ń sọ pé kò ní òmíràn.

Ṣòkòtò: ẹ rán an

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ṣòkòtò òkìrìkà kì í pẹ́. Inú itan ni wọ́n ti máa ń lò ó jù, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń rà á kì í wò. Ìdí rẹ̀ náà á ti máa dán. Tuntun kò burú, ṣùgbọ́n ìbàdí ọ̀pọ̀ wa kò bá ti àwọn tí wọ́n gé e fún mu. Bó bá gba ìbàdí, á máa fẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Bó bá bá ẹsẹ̀ mu, kò ní gba ìdí.

Ọ̀pá kan ààbọ̀ nínú aṣọ tó fẹ̀ tó íǹṣì 60 tó ṣòkòtò òyìnbó kan fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ẹ lọ ra aṣọ fúnra yín, ẹ gbé e fún télọ̀, kó wọn ìbàdí, ìdí, itan, gígùn, àti ẹnu ẹsẹ̀. Bàtà tí ẹ ó máa wọ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ síbẹ̀, torí pé gígùn ṣòkòtò ti sálúbàtà yàtọ̀ sí ti bàtà aláwọ. Kí etí rẹ̀ kàn fara kan òkè bàtà, kó má kó jọ sílẹ̀ bí aṣọ fèrèsé. Kí ẹ sì ní kó fi íǹṣì méjì sílẹ̀ nínú ìrán ẹ̀yìn ìbàdí, torí pé Kérésìmesì ń bọ̀, ẹ̀yin náà kò sì ní kọ oúnjẹ.

Dúdú kan, aláwọ̀ eérú kan. Ó tán.

Bùbá, sẹ́nétọ̀, àti ọ̀rọ̀ aṣọ tí a fi ń rán wọn

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bìkítà ọjọ́ mọ́. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú bùbá àti sẹ́nétọ̀ (ẹ̀wù gígùn àti ṣòkòtò tí wọ́n fi aṣọ kan náà rán), ara mi á mú bùbá. Atẹ́gùn ń gbà á kọjá, ẹ lè jókòó bó ṣe wù yín nínú rẹ̀, ikùn tó yọ díẹ̀ kò sì ní hàn. Síbẹ̀ sẹ́nétọ̀ ni mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ rán. Ìdí rẹ̀ ni fìlà. Bùbá àti ṣòkòtò láìsí fìlà a máa dà bí ẹni tó sáré jáde láti ilé láti lọ ra búrẹ́dì. Sẹ́nétọ̀ kò nílò fìlà, aago ọwọ́ àti bàtà aláwọ ti tó fún un, ó sì gba wíwọ̀ wọ ìpàdé èyíkéyìí.

Ti aṣọ wá ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àǹkárá ni gbogbo wa mọ̀. Ọ̀pá 6 ni wọ́n sábà máa ń ká a sí, bùbá àti ṣòkòtò á gba bíi 4 nínú rẹ̀, èyí tó kù á ṣẹ́kù fún fìlà tàbí fún ẹni tó bá bẹ̀ yín. Àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo, kò sì sí bí ẹ ṣe lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí wọ́n má mọ̀. Èyí tó jẹ́ ẹgbẹ́jọdá tilẹ̀ burú jù, torí gbogbo ẹni tó jẹ ìrẹsì níbi òkú ọjọ́ náà ló ní irú rẹ̀.

Aṣọ aláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní àtíkù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rán sẹ́nétọ̀ báyìí. Kì í rún púpọ̀, ó máa ń balẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lọ́jà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo wọn. Ẹni tó ń tà á fún mi lọ́jọ́ kan fi ìyá rẹ̀ búra. “Ọ̀gá mi, òwú ni látòkè délẹ̀!” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fa fọ́nrán kan yọ létí ibi tí wọ́n ti gé e. Mo ṣáná sí i. Aṣọ òwú, bó bá jó, òórùn ìwé ló máa ń rùn, eérú rẹ̀ á sì lọ̀ lúbúlúbú láàárín ìka. Tèyí ká kò, ó yọ́, ó wá di kókó dúdú kékeré kan tó le bí òkúta. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù.” Ó dín owó rẹ̀ kù, mo sì rà á, torí àwọ̀ rẹ̀ wù mí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n mọ ohun tí mo ń rà.

Ẹ má gbàgbé pé aṣọ òwú tuntun gbọ́dọ̀ dé inú omi kó tó dé ọwọ́ télọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fò ó, á sún kì lẹ́yìn tí wọ́n ti rán an tán, télọ̀ ni ẹ ó sì máa bú.

Àdìrẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mi ò ṣe ojúsàájú. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti máa ń rà á. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya àwòrán sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró; oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì. Aró rẹ̀ tó ṣú dẹ̀dẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú òyìnbó, ó yẹ ọkùnrin ju ọ̀pọ̀ ẹ̀wù tí wọ́n ń pè ní ti ìgbàlódé lọ. Ṣùgbọ́n àfarawé ti pọ̀ lọ́jà, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ẹ yí i padà: tí ọwọ́ ṣe, aró rẹ̀ a wọ inú dé ẹ̀yìn, tí ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ti iwájú lọ. Àléébù àdìrẹ kò ju pé ó ń tú àwọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ sá a síbi òjìji. Mo ti sọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta di búlúù kí n tó kọ́ ọgbọ́n yìí.

Aṣọ òkè kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wúwo, ti òde ni.

Ní ti télọ̀, mi ò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan wà tí mo gbé ọ̀pá mẹ́rin fún, ó ní kí n wá gbà á ní Satidé. Satidé mẹ́ta kọjá. Nígbà tó jáde, apá rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ báyìí. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Bó ṣe wà lóde nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.” Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé ẹ̀wù kan tó bá mi mu dáadáa lọ fún télọ̀ tuntun kó fi ṣe àwòkọ́ṣe, aṣọ olówó pọ́ọ́kú ni mo máa fi dán an wò, mi ò sì ń san owó tán kí n tó wọ̀ ọ́ wò. Ọjọ́ tí mo bá sì nílò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni mo máa ń pè fún un.

Bàtà: ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣahun

Bí owó yín bá tó nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bàtà. Mo ra ọ̀kan tó ń dán yanran lórí tábìlì kan lẹ́bàá ọ̀nà, dúdú, ẹnu ṣóńṣó. Òjò kan ṣoṣo ló rí. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là kúrò lára òkè, ó ń ya ẹnu bí ẹja. Mo wọ́ ẹsẹ̀ wọ ọ́fíìsì, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú. Èyí tí wọ́n rán mọ́ra ni kí ẹ máa wá, kí ẹ sì ṣọ́ra, torí àwọn kan máa ń tẹ àwòrán òwú sí ara rọ́bà lásán. Ẹ fi èékánná tọ́ òwú náà. Bí ẹ bá lè gbé e díẹ̀, òwú ni. Bí kò bá mira, òǹtẹ̀ ni. Ẹ tẹ iwájú bàtà náà síwá: awọ gidi á ṣẹ́jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, á sì nà padà, awọ ayédèrú á ṣẹ́ síbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni yóò sì ti bó.

Bàtà òkìrìkà ńkọ́? Awọ rẹ̀ lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti tẹ inú rẹ̀ sí bó ṣe fẹ́. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Irú rọ́bà ìsàlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti pẹ́ nílẹ̀ láìwọ̀, ó ń bàjẹ́ láti inú wá. Ẹ ó rà á, ó mọ́ tónítóní, lọ́jọ́ kejì á máa fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn yín bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Èyí tí mo yàn ni ti àwọn aránbàtà tiwa. Mushin ní ọjà awọ, àwọn tó ń rán bàtà sì wà láyìíká ibẹ̀, àwọn ará Aba náà ń rán tiwọn ránṣẹ́. Ẹ ó mú awọ lójú ara yín, wọn á wọn ẹsẹ̀ yín (ọ̀sán ni kí ẹ lọ, torí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ), ẹ ó sì ní kí wọ́n rán an yíká. Dúdú olókùn ni àkọ́kọ́. Aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lókùn, èyí tí ẹ lè fi wọ sẹ́nétọ̀, ni èkejì, bí owó bá tún dé. Bí ẹ bá ti ní méjì, ẹ máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́ kí òógùn inú wọn lè gbẹ. Bí ṣáínáṣáínà bá sì ń kọjá, tó ń lu àpótí rẹ̀ kọ́ kọ́ kọ́, ẹ pè é kó kun bàtà náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Bẹ́líìtì: ọ̀kan, kí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bàtà mu. Ìbọ̀sẹ̀: kó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojúgun kò fi ní hàn bí ẹ bá jókòó. Fìlà: ọ̀kan tó bá àdìrẹ yín rìn. Táì, ẹ dúró kí ọ̀gá yín béèrè fún un ná.

Ọjọ́ Satidé méjì ni àwa àti àbúrò mi fi rìn. Ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà mẹ́rin, ṣòkòtò rírán méjì, sẹ́nétọ̀ aláwọ̀ eérú kan, bàtà dúdú kan. Àdìrẹ rẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Obíọmà tó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà wọlé jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ láti èjìká, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí ìrẹsì tó jinná.

Lọ́jọ́ Ajé, ó múra lọ. Ìyá wa dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò ó títí ó fi kọjá orígun, wọ́n ní, “Ẹ wo Bàbá Ìbejì!”, ọmọ tí kò tíì fẹ́yàwó. Lálẹ́, ó dá ṣẹ́ẹ̀tì mi padà fún mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Mo wọ̀ ọ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pa dé mọ́. Ó ti kó o mọ́ tirẹ̀ fún obíọmà.